Wisikí Àtijọ́ Tí A Fi Rẹ Egbò Jẹ̀díjẹ̀dí

Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi omi là á fún yín. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ti ń se oúnjẹ, tí mo ń gbé e láti Bẹyerúnkà lọ sí Mọ́lété, tí àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ń kí mi dáadáa, tó ń bèèrè àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ, tó sì ń ní kí n gbé abọ́ mi padà bí mo ṣe gbé e wá. Kò bú mi. Ìbá tiẹ̀ bú mi! Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, èmi tí mo mú un lọ́wọ́ kọ́ ọ ní ìrìn. Inú ń bí mi sí obìnrin kan, ó ń bí mi sí ọkọ rẹ̀, ó ń bí mi sí àwọn àgbà agbo ilé wa, ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí mi sí jù lọ ni èmi fúnra mi. Ọtí ló bà á jẹ́ láàárín èmi àti àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ nínú àwa méjèèjì kò sí ọ̀mùtí. Ẹ jókòó, kí n sọ bó ṣe jẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ dá ẹjọ́ tó bá wù yín.

Ìgò ni mo ń rà tí mo ń tà. Ẹni tó bá mọ Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì pọ̀ nílùú yóò rántí àwa obìnrin tí a máa ń to ìgò sórí àpò ìdọ̀họ. A ó ra ìgò òfìfo ní ilé àwọn olówó, a ó fi yẹ̀pẹ̀ àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, a ó tà á fún elépo, olóyin àti alágbo. Ẹ má rò pé iṣẹ́ omi àti yẹ̀pẹ̀ lásán ni o. Ìgò tó bá ti gbé kẹrosíìnì rí, bí o fọ̀ ọ́ nígbà ogún, epo pupa tí o bá rọ sí i yóò máa rùn, oníbàárà yóò sì wá bú ọ tìyá tìyá lójú ọjà. Nítorí náà ahọ́n la fi ń ṣa ìgò. A ó da omi díẹ̀ sí i, a ó mì í, a ó tọ́ ẹ̀kán kan wò, a ó tutọ́ rẹ̀ dànù. Ìwé kejì ni mo kà kí bàbá mi tó mú mi kúrò, ṣùgbọ́n ní ti ahọ́n, ọ̀mọ̀wé wo ló fẹ́ kọ́ mi? Mo lè dijú kí n sọ fún yín pé òróró ẹ̀pà ló wà nínú èyí, oògùn ikọ́ ló wà nínú tọ̀hún. Ọkọ mi, tó jẹ́ ládáànì mọ́sáláṣí àdúgbò wa, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Á ní, "Ìyá Ṣítù, ìgò ọtí ńkọ́?" Èmi á ní, "Bàbá Ṣítù, mo ń tutọ́ rẹ̀ ni, mi ò gbé e mì." Òótọ́ sì ni mo ń sọ, títí di ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wá sọ yìí.

Oníbàárà mi tó tóbi jù ni Ìyá Bọ̀sẹ̀, ìyàwó Bàbá Oníkòkó, ẹni tó kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì sí ìsàlẹ̀ òkè Mápó. Ọkọ rẹ̀ ń ra kòkó fún àwọn òyìnbó. Àlejò kì í wọ́n nílé wọn, ìgò náà kì í sì í wọ́n. Òun ló tún máa ń sọ fún àwọn ìyàwó olówó ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má kó ìgò wọn fún ẹlòmíràn àfi èmi. Òun náà ni mo bẹ̀ tó fi gba àbúrò mi Mùfútáù, tí gbogbo wa ń pè ní Mùfú, sí iṣẹ́ kúùkù. Mùfú ti kọ́ oúnjẹ òyìnbó sísè, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í fẹnu kan ọtí. Kò pẹ́ tí Bàbá Oníkòkó fi gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ọtí lé e lọ́wọ́. Ó ní mùsùlùmí ló yẹ kó máa ṣọ́ ọtí, pé ẹni tí kì í jẹ ẹran là á fi ṣọ́ ẹran. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìyàwó rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ kejì.

Ìgò wisikí kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń ra kòkó ló fi ta Bàbá Oníkòkó lọ́rẹ nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Kì í ṣe wisikí tí ẹ mọ̀ o. Wọ́n ní ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti pọn ọ́n, wọn kò pa á pọ̀ mọ́ ti ibòmíràn, wọ́n sì ti tì í mọ́ inú àgbá igi kí Ìyá Bọ̀sẹ̀ tó wọ ilé ọkọ. Òyìnbó náà ní irú rẹ̀ kò kù láyé ju ìgò díẹ̀ lọ. Òun àti Bàbá Oníkòkó ṣí i lọ́jọ́ ìdágbére, wọ́n mu ife kékeré kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé e padà. Bàbá Oníkòkó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún fọwọ́ kàn án, ó di ọjọ́ tí ọmọ òun ọkùnrin bá ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù dé pẹ̀lú ìwé lọ́yà. Bí àlejò bá dé, á fi hàn wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì, bí ẹni ń fi ọmọ tuntun hàn.

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, Ìyá Bọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ọkọ rẹ̀ ti lọ ra kòkó ní ọ̀nà Oǹdó, ọjọ́ kejì ni wọ́n ń retí rẹ̀. Mùfú ti lọ ra ẹran ní Ọjà'ba. Ìyá Bọ̀sẹ̀ fà mí wọ ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ilé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo rí ìgò náà lórí tábìlì. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ.

"Ìyá Bọ̀sẹ̀, ta ló mu ún?"

"Ẹnikẹ́ni kò tíì mu ún. Bàbá Bọ̀sẹ̀ ni yóò mu ún, ṣùgbọ́n kò ní í mọ̀." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu.

Ó wá tọ́ka sí ìgò ràgàjì kan ní kọ̀rọ̀, tí egbò àti èèpo igi kún inú rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ Bàbá Oníkòkó lẹ́nu, ó ti tó ogún ọdún. Ẹlẹ́wé-ọmọ kan ní Ọjà'ba ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ògógóró tí wọ́n fi ń rẹ egbò náà kò lágbára tó, pé ọtí tó bá dàgbà ju àìsàn lọ ló lè lé àìsàn jáde. "Níbo ni kí n ti rí ọtí tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Bọ̀sẹ̀ wí, "tó bá kọjá inú ilé mi? Ṣé kí ọkọ mi máa jókòó lórí ìrora, kí n wá máa tọ́jú ọtí de àlejò?" Kí n má purọ́, èmi náà rò pé ọgbọ́n ló dá. Nílé tiwa, kí ni ọtí líle wà fún tó bá kọjá pé kó fa oje egbò jáde?

Ó ní, "Ìyá Oníìgò, ìwọ lo ní ahọ́n. Tọ́ èyí tó kù wò, kí o bá mi po irú rẹ̀ kí n fi kún un kí ọkọ mi tó dé." Ó da díẹ̀ sínú ìdérí, ó gbé e fún mi.

Mo ní kí n tọ́ ọ wò kí n tutọ́ rẹ̀ bí iṣe mi. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Kò fọ́ mi nímú bí ògógóró. Ó ń rùn bí inú àpótí tí ìyá mi ń kó aṣọ òfì rẹ̀ sí, òórùn pákó gbígbẹ àti ohun tó ti pẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Mo fi kan ahọ́n, mo gbọ́ adùn oyin, èyí tó ti dì nísàlẹ̀ ìkòkò. Kí n tó mọ̀ ọ́n tán, ó ti di dàbínù tí àwọn alálàájì ń mú ti Mẹ́kà bọ̀. Lẹ́yìn náà ni èéfín dé, èéfín jẹ́jẹ́ tí kì í ta ojú, bí èyí tó máa ń kù sára aṣọ ẹni tó yan ẹja lánàá. Iyọ̀ díẹ̀ wà nídìí rẹ̀. Ó gbóná, kò jó mi. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí àgbàlagbà tí kò sí ohun tó ń lé e. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n tutọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo gbé e mì! Mo gbé e mì, mo tún na ìdérí sí Ìyá Bọ̀sẹ̀ pé kó tún bu sí i. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fi ahọ́n ṣa ìgò, mi ò tọ́ nǹkan bẹ́ẹ̀ wò rí, mi ò sì tún tọ́ ọ wò mọ́ láti ìgbà náà. Bó ṣe ń lọ lọ́fun mi ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, pé ohun tí ẹnì kan fi gbogbo sùúrù ayé rẹ̀ tọ́jú, òun la lọ ki egbò sí yìí.

Inú tó ń bí mi kò dí mi lọ́wọ́ ṣá o. Mo sọ fún un pé adùn rẹ̀ kò ṣeé pò, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣeé pò. Mo sáré ra ògógóró wá, mo gbé páànù Mùfú ka iná, mo jó ṣúgà títí ó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, mo ń fi ṣíbí kán an sí ọtí náà díẹ̀díẹ̀, mo ń gbé e sí ojú oòrùn wò, títí kò fi sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀. A rọ ọ́ kún ìgò, a dé e. Nígbà tí Mùfú ti ọjà dé, ó fín imú. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ jó nínú ilé ìdáná mi?" Mo ní ṣúgà ni, pé mo fẹ́ fi ṣe oògùn ikọ́ fún Ṣítù. Ó wò mí, ó fọ páànù rẹ̀.

Fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, láràárọ̀, Bàbá Oníkòkó ń fi ife mu wisikí iyebíye rẹ̀ pẹ̀lú oje egbò kíkorò. Mùfú sọ fún mi pé ńṣe ló máa ń lu àyà tó bá mu ún tán, á ní, "Ìyá Bọ̀sẹ̀, àgbo yìí mà dára o! Mò ń jókòó bí ọmọdé." Ó tiẹ̀ ra aṣọ fún ẹlẹ́wé-ọmọ náà. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ á wo ara wa, a ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn! Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Ọmọ náà ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù dé ní ọdún tí a gba òmìnira. Bàbá Oníkòkó pe àwọn èèyàn ńláńlá jọ sí pálọ̀ òkè, òyìnbó tó gba ipò ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Mùfú fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò náà wọlé. Wọ́n ní Bàbá Oníkòkó sọ ìtàn ọtí náà títí, gbogbo ènìyàn ń gbé itọ́ mì. Òyìnbó yẹn gbé ife sẹ́nu, ó húkọ́, ó rọra gbé ife sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín músẹ́ yẹn ló gbé Mùfú lọ. Bàbá Oníkòkó tọ́ tirẹ̀ wò, ojú rẹ̀ dúdú. Ta ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Mùfú. Ìyá Bọ̀sẹ̀ wà nínú pálọ̀ yẹn, ó ń pín àkàrà fún àlejò lọ.

Nílé wa, bí a bá fa ènìyàn kalẹ̀ fún iṣẹ́ tí ó bá ṣẹ̀, agbo ilé rẹ̀ la ń bá sọ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Oníkòkó gbé ìgò náà wá sí Bẹyerúnkà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé e ka ilẹ̀ níwájú Mógàjí, olórí ilé wa. "Ẹ wò ó, ọmọ yín mu ọtí mi tán, ó fi ìtọ̀ ẹṣin rọ́pò rẹ̀." Mùfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, mo fi Kùránì búra, mi ò mu ún." Ìyàwó ilé kan láti ẹ̀yìn wa ní, "Kúùkù kì í lá ọwọ́, ahọ́n rẹ̀ ṣá ló máa ń pupa!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mógàjí gbé ọwọ́ sókè. "Ìyá Oníìgò dà? Kó wá tọ́ ọ wò. Ahọ́n tiẹ̀ kì í purọ́."

Mo tọ́ ọ wò. Ta ni kò ní mọ ọbẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè? Ṣúgà tí mo jó kọjá bó ṣe yẹ díẹ̀ ló ń korò lẹ́yìn ahọ́n mi yẹn. Mo tutọ́. "Ògógóró ni. Wọ́n fi ṣúgà jíjó pa á láró."

"Ta ló ṣe é?"

Mùfú ń wò mí láti ilẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ sí, kò ṣẹ́jú. Ọkọ mi ládáànì ń wò mí, tẹ̀súbáà ń yí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò ó lẹ́ẹ̀kan náà: bí mo bá ní èmi ni, wọn ó bi mí bí mo ṣe mọ ohun tí mo ń pò, ìyàwó ládáànì gbé ọtí mì, ó tún tọrọ sí i! Bí mo bá dárúkọ Ìyá Bọ̀sẹ̀, ìgò mi tán, ilé-ìwé àwọn ọmọ mi tán. Mo ní, "Ahọ́n mi kì í dárúkọ ènìyàn." Àwọn àgbà mi orí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni. Ọlọgbọ́n! Ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ ni.

Báyìí ni wọ́n ṣe lé Mùfú. Àwọn àna rẹ̀ dá ẹrù ìdána padà, wọ́n ní àwọn kò fọmọ fún olè, áńbọ̀ńtórí ọ̀mùtí. Àwọn ọmọdé ilé wa sọ ọ́ ní Mùfú Wisikí. Kí ọdún tó yí, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Kùmáásì ní Gáná, kò kí mi. Èmi ńkọ́? Mò ń lọ kó ìgò mi lọ́dọ̀ Ìyá Bọ̀sẹ̀. Ó tiẹ̀ tún fi kún un fún mi.

Ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn náà la wà yìí, òun ni wọ́n lé àwọn ènìyàn wa kúrò ní Gáná. Mùfú padà dé pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ méjì àti ẹrù orí kan. Ó tọrọ yàrá bàbá wa lọ́wọ́ Mógàjí. Mógàjí ní, "Yàrá yẹn kún fún ẹrù," ẹnì kan sì tún sọ ọ́ síta pé kí onílé ti kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ o. Ohun tó wà nínú mi já. Ọkọ mi ti kú. Ẹ̀rù ta ló tún ń bà mí? Mo dìde láàárín agbo ilé, mo tú gbogbo rẹ̀, egbò, ṣúgà, àti èyí tí mo gbé mì. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n rere ni mí! Wọ́n ní mo ń fi orúkọ ara mi bo àbúrò mi láṣìírí, pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó ládáànì, kó gbé ọtí mì kẹ̀? Wọ́n ń fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. Mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Mùfú gba yàrá ní Mọ́lété. Nígbà tí mo tọ̀ ọ́ lọ, tí mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo pọ̀n, ó gbé mi dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọjọ́ tí mo ti fọ páànù yẹn ni ara ti fu mí. Nígbà tí mo gbóòórùn ìgò náà ní pálọ̀, mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò wí?"

"Ṣé kí n wá tú yín síta lójú ọkọ yín? Ẹ̀yin ni mo dúró dè. Mo dúró dè yín níwájú Mógàjí. Mo dúró dè yín ní Kùmáásì. Ẹ kò wá."

"Mo ti sọ ọ́ báyìí."

"Ẹ sọ ọ́ fún àwọn tí kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹni tó gba orúkọ mi wà ní ìsàlẹ̀ Mápó. Títí ẹ ó fi sọ ọ́ fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé oúnjẹ wá."

Mo lọ. Bàbá Oníkòkó ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, orí ibùsùn ló wà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́ ketekete. Ìyá Bọ̀sẹ̀, tó ti di ìyá ìjọ báyìí, dúró dí mi lórí àtẹ̀gùn. "Ṣé o fẹ́ pa á ni? Dókítà ní a kò gbọdọ̀ mú un bínú. Nítorí ọtí?"

"Nítorí Mùfú ni."

"Ó ti láya, ó ti bímọ. Kí ló tún ń wá?"

"Orúkọ rẹ̀."

"Orúkọ! Ṣé orúkọ là ń jẹ?"

"Bí kì í bá ṣe ohun tí à ń jẹ, Ìyá Bọ̀sẹ̀, ẹ fún un ní tiyín."

Ó wá ké sí àwọn ará ilé pé kí wọ́n kó ìgò fún Ìyá Oníìgò. Ìgò, ẹ̀yin ènìyàn mi! Wọ́n gbé àpò ńlá kan kalẹ̀ níwájú mi, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo jáde.

Ohun tí mò ń bi yín nìyí. Bí mo bá gòkè lọ bá ọkùnrin yẹn, tí ó kú sórí ọ̀rọ̀ mi, mo di apànìyàn lójú gbogbo Ìbàdàn. Bí mi ò bá gòkè tó sì kú, kò sí ẹni tó lè sọ pé Mùfú kì í ṣe olè mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún orúkọ náà. Àwọn kan nínú yín ti fẹ́ sọ pé kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹ má sọ ọ́ o. Ọlọ́run kọ́ ló jó ṣúgà, èmi ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òótọ́ tí ẹlòmíràn ń jìyà lé lórí, ẹ sọ ọ́ lónìí tí ẹ̀rù ń bà yín, nítorí ọjọ́ tí ẹ̀rù kò bá bà yín mọ́, ẹnikẹ́ni kò ní í gbà yín gbọ́. Ní ti èmi, ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn. Bí Jímọ́ọ̀ bá kọjá tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, mò ń gun àtẹ̀gùn yẹn lọ, kí Ìyá Bọ̀sẹ̀ dúró tàbí kó yà.